Ìwé Ìnáwó Tí Kò Lámì

Iwájú ṣọ́ọ̀bù onídìrí kan ni pátákó kan wà tí wọ́n fi ọ̀dà pupa kọ "ILE EWA" sí lára, lẹ́tà gbàǹgbà gbàǹgbà. Ẹni tó kọ ọ́ mọ ohun tó ní lọ́kàn. Ilé Ẹwà ló fẹ́ kọ, ibi tí obìnrin ti ń wọlé pẹ̀lú irun játijàti, tí á sì jáde bí ìyàwó ọ̀ṣìngín. Ṣùgbọ́n kò fi àmì kankan sí i, kò fi sórí, kò fi sábẹ́. Nítorí náà, kò sí ọ̀sẹ̀ tí ẹnìkan kì í gbé abọ́ wọlé, kí ó wo àwọn obìnrin tó jókòó sábẹ́ díráyà, kí ó sì béèrè bóyá ẹ̀wà ti jinná.

Ọkọ onídìrí náà ló kọ ọ́. Bàbá Pátákó ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Ọdún méjìlélọ́gbọ̀n ló fi ń kọ̀wé sára ògiri àti pátákó, kò sì sí ẹni tó lè sọ pé ìlà rẹ̀ wọ́ rí. Àléébù rẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ: ahun ni tó bá di ọ̀rọ̀ ọ̀dà. "Àmì ń jẹ ọ̀dà," bẹ́ẹ̀ ló máa ń wí. Oníbàárà tó bá fẹ́ àmì gbọ́dọ̀ san owó àmì, iye kan fún tòkè, iye kan fún tìsàlẹ̀. Kò sí oníbàárà tó san án rí. Ìyàwó rẹ̀ bẹ̀ ẹ́ títí pé kí ó ṣàánú òun, kí ó fi àmì sí ti ṣọ́ọ̀bù òun. Ọkọ rẹ̀ ní, "Ẹni tó bá wá ṣe irun á mọ̀ pé irun ni. Ta ló ń fi díráyà se ẹ̀wà?"

Ní nǹkan bí oṣù mẹ́jọ sẹ́yìn, àwọn ọ̀dọ́kùnrin kan gbé ẹ̀rọ kan dé ìkángun àdúgbò, ẹ̀rọ tó ń tẹ ọ̀rọ̀ àti àwòrán sára ọ̀rá fífẹ̀. Láti ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó pe Bàbá Pátákó síṣẹ́ mọ́. Ọ̀fẹ́ sì ni ẹ̀rọ náà ń fi àmì sí i. Èyí ló dùn ún jù.

Iṣẹ́ tó kù fún un lójúmọ́ kò pọ̀. Láràárọ̀, òun ló ń ṣí ìlẹ̀kùn irin ṣọ́ọ̀bù ìyàwó rẹ̀. Ìlẹ̀kùn náà ti wọ́, ó ní bí wọ́n ṣe ń ṣe é: ẹ ó fi orúnkún ọ̀tún ti ìsàlẹ̀ rẹ̀, ẹ ó fi èjìká òsì gbé e lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ ó sì mí kanlẹ̀. Kò sí ẹlòmíràn tó mọ̀ ọ́n ṣe. Tó bá ti ṣí i tán, á jókòó sórí bẹ́ǹṣì níwájú ṣọ́ọ̀bù, á máa mu tíì, á máa kọrin, á sì máa bá gbogbo ẹni tó ń kọjá sọ̀rọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́.

Ẹ̀gbẹ́ bẹ́ǹṣì náà ni mọ́tò ògbólógbòó kan máa ń wà, èyí tí onídìrí fi ń lọ ra ọjà. Kò sẹ́ni tó ń pè é ní mọ́tò nínú ilé náà o. Bámitì lorúkọ rẹ̀, torí igbe tí onídìrí máa ń ké sí àwọn tó ń kọjá lọ láàárọ̀: "Ẹ dákun, ẹ bá mi tì í!" Ẹ fi orúkọ yìí sọ́kàn. Ká ní Bàbá Pátákó fi sọ́kàn ni, èmi kì bá tí rí ìtàn sọ.

Wàhálà bẹ̀rẹ̀ nígbà tí onílé fi owó lé owó ṣọ́ọ̀bù. Kò fi kékeré lé e. Onídìrí wo ìdílé rẹ̀ yí ká, ó rí i pé ẹnì kan ṣoṣo ló lè gba òun, ìyẹn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, akọ̀wé owó ní ilé iṣẹ́ kan, ọkùnrin tó máa ń ka ìṣáná tó wà nínú páálí kó tó sanwó. Bùrọ̀dá ní òun á fún un ní ìdajì, ṣùgbọ́n òun ò ní da owó sínú agbọ̀n.

"Lọ ra ìwé kan," ó wí. "Kọ gbogbo ohun tó ń jẹ owó ní ṣọ́ọ̀bù rẹ sí ojú ewé kìíní, kí o sì kọ àléébù kọ̀ọ̀kan sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ojú ewé kejì, kọ ohun tí ṣọ́ọ̀bù ò lè dúró láìsí. Ìyẹn, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Kó wà lọ́wọ́ mi ní Sátidé."

Onídìrí ra ìwé, ó sì fi ọjọ́ méjì kọ ọ́ láàárín orí kan sí èkejì. Ṣé ẹ mọ ọ̀dọ̀ ẹni tó ti kọ́ ìwé kíkọ? Ọ̀dọ̀ ọkọ rẹ̀ ni. Kò fi àmì kankan sí i.

Ní ọjọ́ Túsìdeè, Bàbá Pátákó wọlé wá bu ṣúgà. Ìyàwó rẹ̀ wà lẹ́yìn, ó ń ṣan orí oníbàárà kan. Ìwé náà wà lórí tábìlì láàárín àwọn kóòmù, ó sì ṣí sílẹ̀. Bàbá Pátákó kì í ṣe olófòófó, àmọ́ ohunkóhun tí wọ́n bá ti kọ, ojú rẹ̀ á máa tẹ̀ lé e fúnra rẹ̀. Ó kà á báyìí:

"Ina: draya keji n je ina ju ti akoko lo. Ki a maa lo okan soso."

"Omi: keegi mefa lojumo. O ti poju."

"Ose: galonu kan losu. Eyi dara."

Ó ń mi orí sí i bí ọ̀gá iléèwé. Ó wá dé orí èyí tó tẹ̀ lé e:

"Oko: o ti gbo. O n je owo ju gbogbo awon to ku lo, ko si mu nnkan kan wole. O n mu pupo. Ariwo re po. Laaro, ti a ko ba ti i, ko ni i dahun. Ko le gun oke mo. O n se eefin leyin. Lati aaro di irole, o kan wa niwaju soobu ni. Ti a ba ri eni ti yoo gbe e, ki n je ki o lo. Ti mo ba fe jade, maa ya ti Iya Aranso lo. Buroda ni oun maa ran eni kan wa wo o ni Satide."

Ó kọ́kọ́ rò pé oko ni, ibi tí wọ́n ti ń gbin nǹkan. Ṣùgbọ́n wọn kò ní oko, àfi òdòdó kan tó wà nínú agolo lẹ́nu ọ̀nà, ìyẹn náà sì ti kú. Ó rò ó wò bóyá ọkọ́ ni. Kí ni onídìrí fẹ́ fi ọkọ́ ṣe? Orí ènìyàn kì í ṣe ebè. Ó wá kan ọkọ, ibẹ̀ ló sì dúró sí. Bó bá tẹ̀síwájú ní ìṣísẹ̀ kan péré, ì bá kan ọkọ̀, ì bá sì bu ṣúgà rẹ̀ jáde lọ ní àlàáfíà, torí Bámitì ni obìnrin náà ń kọ nípa rẹ̀ láti òkè délẹ̀. "Ọkọ̀" ló kọ kí ó lè gbayì lójú Bùrọ̀dá. Ṣùgbọ́n ọkùnrin tó ti jókòó sójú kan fún oṣù mẹ́jọ kì í wá ẹlòmíràn kiri tó bá rí ẹ̀sùn. Ó gbà pé òun ni.

Ó tún un kà, ó sì ń dáhùn ẹ̀sùn kọ̀ọ̀kan nínú ara rẹ̀. Ó ti gbó: òtítọ́ ni, orúnkún òun ń ké. Ó ń mu púpọ̀: tíì ni, ife mẹ́rin lójúmọ́, ṣúgà mẹ́ta mẹ́ta. Láàárọ̀, tí a kò bá tì í: ìgbọ̀nwọ́ ìyàwó rẹ̀ ló máa ń tì í níhàá kó tó dìde lóòótọ́. Ó ń ṣe èéfín lẹ́yìn. Ó ti rò pé obìnrin náà máa ń sùn lọ fọnfọn nírú àsìkò bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n ohun tó gún un lọ́kàn jù ni "o" yẹn. "O ti gbo." Ọdún mọ́kàndínlógún tí wọ́n ti jọ wà, ìyàwó rẹ̀ kò pè é ní "ó" rí. "Wọ́n" ni. "Wọ́n ti jẹun." "Wọ́n wà níta." Kódà tí wọ́n bá jà, á sọ fún ògiri pé, "Orí wọn ti dàrú." Ẹni tí ìyàwó rẹ̀ bá ti ń pè ní "ó", ó ti di ẹrù nìyẹn.

Ó gbọ́ tí ẹsẹ̀ ń bọ̀ láti ẹ̀yìn, ó pa ìwé náà dé, ó sì jáde láìbu ṣúgà. Kò ṣí ojú ewé kejì. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó ka ọjọ́ lórí ìka: Wẹ́sìdeè, Tọ́sìdeè, Fúráìdeè. Ọjọ́ mẹ́ta ló kù kí ẹni tí Bùrọ̀dá rán tó dé, kí wọ́n tó gbé òun padà fún ẹbí òun bí àga tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kán. Ẹ̀rù bà á, mi ò ní parọ́ fún yín. Ó fẹ́ràn obìnrin náà. Kò tíì sọ bẹ́ẹ̀ láti bí ọdún mélòó kan, ó rò pé kò pọn dandan, bó ṣe rò pé àmì kò pọn dandan.

Ó wá pinnu pé kó tó di Sátidé, kò ní sí ẹ̀sùn kan nínú ìwé yẹn tó máa ṣì jẹ́ òtítọ́.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ìyàwó rẹ̀ na ìgbọ̀nwọ́ láti tì í, kò bá ẹnikẹ́ni, díẹ̀ ló kù kó yí bọ́ sílẹ̀. Bàbá Pátákó ti wẹ̀, ó ti ṣí ìlẹ̀kùn irin, ó sì dúró ṣánṣán lẹ́nu ọ̀nà bí ọlọ́pàá. Ó kọ tíì. Ó kọ orin. Ẹni tó bá kí i, á mi orí sí i. Nígbà tí omi tán, ó gbé kẹ́ẹ̀gì méjì, ó sì sáré gun òkè tó wà lẹ́yìn ilé, ibi tí ẹ̀rọ omi wà, kí ìyàwó rẹ̀ lè rí i pé òun ṣì ń gun òkè. Ó ń sáré, kẹ́ẹ̀gì ń ró gbàǹgàlà-gbàǹgàlà, àwọn ará àdúgbò sì ń tú jáde láti béèrè ibi tí iná ti sọ.

Ìyá Aránṣọ, tó ń ránṣọ ní ṣọ́ọ̀bù tó kọjú sí tiwọn, kí i káàárọ̀. Ó yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ọkọ Ìyá Aránṣọ náà kí i. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ó máa ń rẹ́rìn-ín sí gbogbo nǹkan. Bàbá Pátákó wò ó láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Èyí náà ni ìyàwó òun fẹ́ máa yá lò? Èjìká rẹ̀ yìí ò lè ṣí ìlẹ̀kùn kankan.

"Bàbá Pátákó, ṣé kò sí o?" ọkùnrin náà béèrè.

"Máa bá tìrẹ lọ," Bàbá Pátákó dáhùn. Ọ̀rọ̀ tó sọ lọ́jọ́ náà kò ju ìyẹn lọ.

Ọjọ́ Tọ́sìdeè ló wá ṣe ohun tó burú jù. Ó fẹ́ dín ìnáwó kù. Ó rí gálọ̀nù ọṣẹ ìfọrun, ó rò pé bí òun bá fi omi lé e, á di gálọ̀nù méjì. Ó fi omi lé e. Ní agogo mẹ́wàá, ìyàwó olùkọ́ kan jókòó, onídìrí da ọṣẹ sí i lórí, ó ń fọ̀ ọ́, kò hó. Ó tún da òmíràn sí i. Ó ṣàn kọjá lójú obìnrin náà, ó sì ta á lójú. Onídìrí gbé gálọ̀nù, ó ti Bámitì pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ ènìyàn mẹ́rin, ó lọ bá ẹni tó ta ọṣẹ fún un, wọ́n sì fa ọ̀rọ̀ náà títí tí gbogbo ọjà fi gbọ́. Kó tó padà dé, oníbàárà mẹ́ta ti dúró títí, wọ́n sì ti lọ.

Ní ìrọ̀lẹ́, ó wo ọkọ rẹ̀ tó jókòó láìsọ̀rọ̀, tí kò mu tíì, tí kò kọrin, tí òógùn kẹ́ẹ̀gì ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan iwájú orí rẹ̀.

"Ara yín ò yá," ó wí.

"Ara mi yá."

"Ẹni tí ara rẹ̀ bá yá kì í dákẹ́ báyìí, pàápàá ẹ̀yin." Ó lọ ra oògùn wá, ìgò méjì, ọ̀kan pupa, ọ̀kan dúdú, ó sì rí i pé ó mu wọ́n. Lẹ́yìn náà, ó mú ìwé ìnáwó, ó kọ "Oogun" sí ìsàlẹ̀ pátápátá, ó fi iye rẹ̀ sí i, ó sì mí kanlẹ̀. Bàbá Pátákó yọjú wò ó láti ẹ̀gbẹ́. Òun tó fẹ́ dín ìnáwó kù ti fi nǹkan méjì kún un láàárín ọjọ́ kan.

Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́ Fúráìdeè, ara rẹ̀ kò gbà á mọ́. Onídìrí ń ya wíìgì kan lórí igi, ó jókòó tì í.

"Mo ka ìwé rẹ," ó wí.

Kóòmù dúró lọ́wọ́ obìnrin náà. "Ẹ ti kà á? Ó yẹ kí n ti sọ fún yín. Ojú ló ń tì mí."

"Ṣé kò sí ọ̀nà mìíràn ni?"

"Mo ti rò ó títí. Mo fẹ́ràn rẹ̀, ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀. A ti jọ rìn jìnnà. Ṣùgbọ́n ìfẹ́ ò lè san owó ṣọ́ọ̀bù."

Bàbá Pátákó rí i pé obìnrin náà ti ń sọ̀rọ̀ òun bí ẹni tó ti lọ, lójú òun báyìí. "Tí wọ́n bá tún un ṣe ńkọ́?" ó béèrè.

"Títún un ṣe á ná wa lówó ju bó ṣe tọ́ lọ. Àfi kí wọ́n yọ inú rẹ̀ kí wọ́n fi tuntun sí i."

Ó fi ọwọ́ méjèèjì di ikùn mú.

"Ó máa dùn mí tó bá lọ," onídìrí ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ, ó sì ń ya irun. "Ṣùgbọ́n iwájú ṣọ́ọ̀bù á fẹ̀ sí i. Màá rí ibi gbé bẹ́ǹṣì kejì sí fún àwọn oníbàárà."

Bàbá Pátákó dìde, ó ní òun ń lọ gba atẹ́gùn. Ó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ Bámitì, ó gbé ọwọ́ lé e lórí, ó sì sọ fún un pé ayé le. Ẹ̀yin ẹ wo àwọn méjèèjì.

Sátidé dé. Ó wọ kóòtù rẹ̀ kan ṣoṣo, ó fá irùngbọ̀n, ó sì lọ dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù. Ibi tó dúró sí gan-an ni iwájú Bámitì. Ó ti pinnu pé kò ní bẹ ẹnikẹ́ni. Tí wọ́n bá fẹ́ wo òun, kí wọ́n wò ó, kí wọ́n rí ènìyàn.

Ní agogo mẹ́sàn-án, ọ̀dọ́kùnrin kan tó wọ aṣọ iṣẹ́ tó kún fún òróró dé, ó tẹrí ba.

"Ẹ káàárọ̀ sà. Bùrọ̀dá ló rán mi. Wọ́n ní kí n wá wò ó."

Mẹkáníìkì ni wọ́n rán! Bàbá Pátákó gbé àyà síwájú. "Ó ti ṣe tán," ó wí. "Máa wò ó."

Ọ̀dọ́kùnrin náà na ọrùn sí ọ̀tún, ó na ọrùn sí òsì, ó ń gbìyànjú láti wo ẹ̀yìn rẹ̀. "Ṣé ó ṣì ń rìn, sà?"

"Ó ń rìn." Ó rìn lọ síwájú ní ìṣísẹ̀ márùn-ún, ó rìn padà, ó sì dúró síbi tó wà tẹ́lẹ̀. Ọ̀dọ́kùnrin náà fún un láyè pẹ̀lú ọ̀wọ̀.

"Wọ́n ní tó bá ń gun òkè, ó máa ń gbóná."

"Ta ni kì í gbóná? Mo gbé omi gun òkè yẹn lẹ́ẹ̀mẹ́jọ láàárín ọjọ́ mẹ́ta. Lọ béèrè."

Ẹnu ya ọ̀dọ́kùnrin náà. "Pẹ̀lú ẹrù omi? Ó gbìyànjú o. Ọdún mélòó ló ti wà lọ́wọ́ màdáámú?"

"Ọdún mọ́kàndínlógún."

Ọ̀dọ́kùnrin náà súfèé. "Há! Á jẹ́ pé ó ti lo ayé ẹ̀ tán nìyẹn. Ẹ má bínú, sà, òótọ́ ni mo fẹ́ sọ. Kò sẹ́ni tó máa gbé e lódindi. Ohun tí mo lè ṣe ni kí n tú u palẹ̀, kí n máa ta ẹ̀yà ara ẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan."

"Ẹ̀yà ara?"

"Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ṣí orí ẹ̀ wò." Ó fa irin kan yọ nínú àpò, ó sì sún mọ́ ọn.

Igbe tí Bàbá Pátákó ké lọ́jọ́ náà, àwọn tó wà ní ibi ẹ̀rọ omi lórí òkè gbọ́ ọ. Onídìrí sáré jáde pẹ̀lú ìfófòó ọṣẹ ní apá, oníbàárà tó ń fọ orí fún tẹ̀ lé e, omi ń ro tótó lára rẹ̀. Ìyá Aránṣọ yọ jáde pẹ̀lú ọkọ rẹ̀.

"Wọ́n fẹ́ pa mí!" Bàbá Pátákó ń pariwo. "Ṣé kò tó kí o lé mi lọ ni? O ní kí wọ́n tú mi palẹ̀!"

"Ta ló fẹ́ tú yín palẹ̀?" onídìrí béèrè. "Ẹ yẹra fún un, ẹ jẹ́ kó rí Bámitì. Bámitì ló wá wò."

Ó yí ojú padà díẹ̀díẹ̀. Bámitì wà lẹ́yìn rẹ̀ níbẹ̀, ó jókòó jẹ́jẹ́, èéfín rẹ̀ ti ọjọ́ Tọ́sìdeè ṣì dúdú lára ògiri. Ó wò ó. Ó wo ìyàwó rẹ̀. Ó sì sọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, ní ohùn kékeré: "Ọkọ̀."

Onídìrí rántí ìwé ìnáwó rẹ̀. Nígbà tí ó yé e, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó fi apá tó kún fún ọṣẹ bo ojú, ó sì rẹ́rìn-ín títí ohùn fi há a. Oníbàárà ń rẹ́rìn-ín, Ìyá Aránṣọ ń rẹ́rìn-ín, mẹkáníìkì tí kò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ náà ń rẹ́rìn-ín. Ọkọ Ìyá Aránṣọ, ẹ ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀.

Bàbá Pátákó kò rẹ́rìn-ín. Ó ń bọ́ kóòtù rẹ̀. "Gbogbo ohun tí o kọ síbẹ̀ ló bá mi mu," ó wí. "Mo wá èyí tí kò bá mi mu níbẹ̀, mi ò rí i."

Ẹ̀rín kú lẹ́nu onídìrí. Ó dìde, ó sún mọ́ ọn, kò sì bìkítà fún àwọn tó dúró.

"Ìgbà wo ni mo pè yín ní 'ó' rí?" ó béèrè. "Ẹ dá mi lóhùn. Ọdún mọ́kàndínlógún. Ìgbà wo?"

Ó ká kóòtù náà, ó sì gbé e sórí bẹ́ǹṣì.

Mẹkáníìkì san owó Bámitì, owó náà kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó dí ihò kan nínú owó ṣọ́ọ̀bù. Bámitì kọ̀ kò dáhùn, bí ìṣe rẹ̀, wọ́n sì ní láti tì í lọ. Èmi ò tíì rí ẹni tó ti mọ́tò bí Bàbá Pátákó ṣe ti Bámitì lọ́jọ́ náà. Òun nìkan tó ènìyàn mẹ́rin. Kò dúró ní ìkángun àdúgbò tí wọ́n ní kó dúró sí, ó tì í kọjá ibẹ̀ dáadáa.

Nígbà tó padà dé, ó gbé àkàbà, ó gbé ọ̀dà pupa tó ti ń gbẹ, ó sì gun iwájú ṣọ́ọ̀bù lọ. Ó fi àmì sórí E tìparí Ilé, ó fi òmíràn sábẹ́ E tó bẹ̀rẹ̀ Ẹwà, ó sì fi àmì sórí A. Àmì mẹ́ta péré. Ọ̀dà tó bá a lọ kò tó èyí tó kán sí i ní bàtà. Ó ṣì wà lókè níbẹ̀ tí obìnrin kan fi gbé abọ́ dé, tó gbójú sókè, tó kà á lẹ́ẹ̀mejì.

"Ṣé ẹ̀wà ti tán nìyẹn?" ó béèrè.

"Ó ti tán pátápátá, ìyá," Bàbá Pátákó dáhùn. "Ẹ wọlé, ẹ jẹ́ kí wọ́n bá yín ṣe irun."

Onídìrí di ẹsẹ̀ àkàbà mú fún un títí ó fi sọ̀kalẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó mú ìwé ìnáwó wá láti inú ilé. Wọ́n ti ń retí rẹ̀ lọ́dọ̀ Bùrọ̀dá. Ó fa ìlà pa "Oogun" rẹ́, ó ṣí ojú ewé kejì, èyí tí ọkọ rẹ̀ kò ṣí lọ́jọ́sí, ó sì gbé e fún un. Ohun mẹ́ta péré ló wà níbẹ̀. Omi ni àkọ́kọ́. Iná ni ìkejì. Ìkẹta nìyí:

"Oko. Awon nikan lo le si ilekun irin. Ti won ko ba si nibe laaro, soobu ko ni i si."

Ó kà á. Ó wo ìlẹ̀kùn irin. Ó tún un kà, ó sì dúró pẹ́ lórí "won" yẹn.

"Bùrọ̀dá náà lè ṣì í kà o," onídìrí wí, ó sì na bírò sí i. "Ẹ bá mi fi àmì sí i."

Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó gbé ìwé náà lé orúnkún, ó sì fi àmì kan sábẹ́ O àkọ́kọ́, ó fi ọ̀kan sábẹ́ o kejì. Kò fi nǹkan kan sórí wọn, torí ọkọ kò gba àmì kankan lórí. Nígbà tó ṣe tán, ó gbé ìwé náà síbi tí oòrùn ti mọ́lẹ̀, ó sì wò ó lẹ́ẹ̀mẹta bóyá yíǹkì kankan kán sórí o kejì.